Bọ̀lẹ̀kájà, Ọkọ̀ Onípákó

Bí ẹ bá dúró ní gáréèjì Àkótógbò ní òwúrọ̀ lónìí, ọkọ̀ kéékèèké àti ọ̀kadà ni ẹ óò rí tí wọ́n ń gbé èrò lọ sí Òde-Ìrèlè àti Òkìtìpupa. Irin ni wọ́n fi ṣe ara gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn bàbá àgbà àti ìyá àgbà yín léèrè irú ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ̀ nígbà tí wọ́n wà ní ọmọdé. Wọn yóò sọ fún yín nípa ọkọ̀ kan tí iwájú rẹ̀ jẹ́ irin, tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ pákó, tí ènìyàn, ewúrẹ́ àti àpò gàrí sì jọ ń wọ̀ pọ̀. Bọ̀lẹ̀kájà ni orúkọ rẹ̀. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a óò rí bí wọ́n ṣe ń ṣe ọkọ̀ náà, irú iṣẹ́ tí ó ṣe fún àwọn ènìyàn wa, àti ìdí tí ó fi kúrò lójú títì.

Kí mọ́tò tó dé, ẹsẹ̀ àti omi ni àwọn ará Ìkálẹ̀ fi ń rìn. Orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù lọ sí ọjà. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ bá pọ̀, tàbí tí ọ̀nà rẹ̀ bá jìn, a wọ ọkọ̀ ojú omi. Láti etí omi ilẹ̀ Ìkálẹ̀ àti ti Ìlàjẹ ni àwọn awakọ̀ ojú omi ti ń fi àjẹ̀ àti òpó wa ọkọ̀ gba inú ọ̀sà lọ títí dé Èkó. Ìrìn ọjọ́ púpọ̀ ni. Nígbà tí ó yá, ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà mọ́tò. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí wọ́n kọ́kọ́ là ní ilẹ̀ Yorùbá ni èyí tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, ní nǹkan bí ọdún 1906. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀nà ń gùn sí i, tí mọ́tò fi dé ilẹ̀ Oǹdó, tí ó sì dé Òkìtìpupa.

Ìlú Ọba ni ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ bọ̀lẹ̀kájà. Ìlú kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Luton, kò jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní ìlú náà, ní ọdún 1931, ilé-iṣẹ́ Vauxhall bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ akẹ́rù kan tí wọ́n sọ ní Bedford. Ọkọ̀ náà kò tóbi jù, kò wọ́n jù, kò sì ṣòro láti tún ṣe. Àwọn oníṣòwò wa fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Àwọn mìíràn ra Austin tàbí Ford, ṣùgbọ́n Bedford ni orúkọ rẹ̀ kún ẹnu ènìyàn jù lọ.

Ohun tí yóò yà yín lẹ́nu ni pé ọkọ̀ náà kì í pé nígbà tí ó bá dé èbúté. Egungun ọkọ̀ nìkan ni ó máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá: irin gígùn méjì tí ó wà nísàlẹ̀, ẹ́ńjìnì, táyà, sítíárì, àti imú ọkọ̀ níwájú. Kò sí òrùlé. Kò sí àga èrò. Ìdí rẹ̀ ni pé egungun ọkọ̀ kì í gba àyè púpọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, owó rẹ̀ sì kéré ju ti odidi ọkọ̀ lọ. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, ilé-iṣẹ́ UAC tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í to Bedford pọ̀ ní Àpápá ní Èkó. Síbẹ̀, ara ọkọ̀ kò kúrò lọ́wọ́ àwọn kápẹ́ńtà wa.

Àwọn kápẹ́ńtà wọ̀nyí ni mo rò pé a kì í yìn tó. Wọn kò ní ìwé àwòrán tí wọ́n ń wò. Olówó ọkọ̀ yóò sọ ohun tí ó ń fẹ́, kápẹ́ńtà yóò sì wọn egungun ọkọ̀ náà, yóò gé igi líle, yóò gbé òpó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì, yóò sì fi bóòtù dè wọ́n mọ́ irin ìsàlẹ̀. Ìṣó nìkan kò lè gbà á, nítorí pé gbígbọ̀n ọ̀nà yóò tú gbogbo rẹ̀ ká kí oṣù kan tó pé. Lẹ́yìn èyí ni yóò kan pákó sí ẹ̀gbẹ́ dé ìwọ̀n àyà ènìyàn, tí yóò sì fi òkè sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ sí èrò. Wọn a fi pákó tàbí páànù bo orí rẹ̀. Bí òjò bá dé, aṣọ tapólì ni wọn ń tú sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Pákó gígùn tí a gbé dábùú inú ọkọ̀ ni àga, kò sí tìmùtìmù kankan lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá rìn láti Òkìtìpupa dé Èkó lórí irú àga bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ yóò sọ fún un ní ọjọ́ kejì!

Báwo ni ó ṣe wá jẹ́ bọ̀lẹ̀kájà? Gbogbo wa mọ ìtumọ̀ rẹ̀: "Bọ́ sílẹ̀ kí á jà." Àwọn kan sọ pé àwọn èrò ni ó fà á, nítorí pé wọ́n fún mọ́ ara wọn débi pé orúnkún ń gbá orúnkún, ẹsẹ̀ ń tẹ ẹsẹ̀, tí ẹni tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ yóò sì pe ẹnìkejì rẹ̀ níjà. Àwọn mìíràn sọ pé àwọn ọmọ ọkọ̀ ni, nígbà tí wọ́n bá ń du èrò mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní gáréèjì. Ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ náà rí kò ní jiyàn sí èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Lẹ́yìn kápẹ́ńtà ni ó kan akunlé tí ó mọ̀wé kọ. Ọ̀dà pupa, ewé àti àwọ̀ ìyeyè ni yóò fi kun pákó náà, yóò sì kọ ọ̀rọ̀ gàdàgbà sí iwájú rẹ̀ lókè. Òwe ni nígbà mìíràn, àdúrà ni nígbà mìíràn, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ó jẹ́ ọ̀rọ̀ tí olówó ọkọ̀ fẹ́ kí àwọn ọ̀tá òun kà. Ọ̀rọ̀ yìí a máa di orúkọ ọkọ̀. Ọmọ ilé-ìwé tí kò tíì mọ ìwé kà dáadáa lè mọ gbogbo ọkọ̀ tí ń gba ìlú rẹ̀ kọjá, nítorí pé ó ti há orúkọ wọn sórí.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ ọjọ́ kan. Kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì ni awakọ̀ àti ọmọ ọkọ̀ ti jí. Ọmọ ọkọ̀ yóò pọn omi, yóò bu ú sínú rédíétọ̀, nítorí pé ẹ́ńjìnì tí kò bá ní omi yóò gbóná kọjá ààlà. Bí bátìrì kò bá lágbára, yóò ti irin kan bọ imú ọkọ̀, yóò sì fi gbogbo agbára yí i títí ẹ́ńjìnì yóò fi ké. Ó gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, nítorí irin náà lè ta padà kí ó sì dá a lápá. Lẹ́yìn náà ni ẹrù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé: garawa epo pupa, àpò gàrí, agbọ̀n pùpùrú, ẹja gbígbẹ láti ilẹ̀ Ìlàjẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀, adìyẹ nínú àgò. Àwọn ìyá ọlọ́jà ni wọ́n ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹrù wọ̀nyí. Láìsí àwọn ìyá wọ̀nyí, ebi ìbá pa awakọ̀, láìsí awakọ̀ pẹ̀lú, epo àti gàrí ìbá bàjẹ́ sílé. Ẹni tí ó bá lówó díẹ̀ tàbí tí ó jẹ́ ẹni ńlá yóò jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, yóò sì san ju àwọn tí ó wà lẹ́yìn lọ.

Nígbà tí ọkọ̀ bá kún, ọmọ ọkọ̀ yóò dúró lórí pákó ẹ̀yìn, yóò di irin mú, yóò sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ara ọkọ̀ kí awakọ̀ lè gbọ́. Bí ó ṣe ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ nìyẹn, nítorí ariwo ẹ́ńjìnì kò ní jẹ́ kí ohùn lásán dé iwájú. Igi onígun mẹ́ta kan kì í kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń gun òkè tí agbára rẹ̀ sì tán, ọmọ ọkọ̀ yóò fò sílẹ̀, yóò sáré ti igi náà sẹ́yìn táyà kí ọkọ̀ má baà padà sẹ́yìn. Bíréèkì ayé ìgbà náà kò ṣe é gbọ́kàn lé nígbà tí ẹrù bá ti pọ̀. Ọmọdé ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ọkọ̀ wọ̀nyí, ọ̀dọ̀ awakọ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, àwọn náà yóò di awakọ̀.

Ẹ mọ̀ pé òjò ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kì í ṣe òjò kékeré. Ní ìgbà òjò, ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ pupa a di ẹrọ̀fọ̀, táyà a rì sínú rẹ̀. Nígbà náà ni gbogbo èrò yóò bọ́ sílẹ̀. Àwọn ọkùnrin yóò máa ti ọkọ̀, àwọn kan yóò máa já ewé àti ẹ̀ka igi sábẹ́ táyà. Àwọn tí wọ́n ti san owó ọkọ̀ ni wọ́n ń ti ọkọ̀ yìí o! Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, eruku ni tiwọn. Ẹni tí ó wọ aṣọ funfun láti ilé yóò sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú aṣọ pupa.

Ọkọ̀ kì í sábà jẹ́ ti awakọ̀. Olówó ọkọ̀ lè jẹ́ oníkòkó, oníṣòwò igi tàbí ìyá olówó kan ní ọjà. Awakọ̀ yóò máa jẹ́ iye owó kan fún un, èyí tí ó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn owó epo ni yóò jẹ́ ti awakọ̀ àti ọmọ ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá dúró sí ọ̀nà fún ọjọ́ mẹ́ta, ilé bí i mẹ́rin tàbí márùn-ún ni kò ní rí owó ọbẹ̀. Nítorí náà ni wọn kò fi ń jẹ́ kí ọkọ̀ sinmi, tí wọ́n sì mọ oríṣiríṣi ọgbọ́n tí wọ́n fi ń tún un ṣe. Bí sípíríǹgì bá kán, wọ́n lè gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Bí táyà bá jò, fọkanáísà yóò lẹ̀ ẹ́. Bí pákó bá jẹrà, kápẹ́ńtà yóò tú u, yóò kan òmíràn. Ẹ ó rí ọkọ̀ kan tí ó ti pààrọ̀ ara lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, ṣùgbọ́n tí egungun ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ èyí tí ó ti Luton wá.

Ní àkókò kan náà, ọkọ̀ mìíràn wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí ìtàn rẹ̀ jọ èyí. Ọ̀pọ̀ yín ti rí àwòrán rẹ̀: bọ́ọ̀sì pupa alájà méjì, tí èrò ń jókòó nísàlẹ̀ àti lókè. Èyí tí ó lókìkí jù nínú wọn ni Routemaster. Ní ọjọ́ 8, oṣù Èrèlé, ọdún 1956 ni àkọ́kọ́ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. Èrò 64 ni ó lè jókòó nínú rẹ̀, 36 lókè, 28 nísàlẹ̀. Títí di ọdún 1968 tí wọ́n dáwọ́ dúró, 2,876 ni wọ́n ṣe. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n lọ kàwé ní Ìlú Ọba nígbà náà wọ ọkọ̀ yìí lọ sí ẹ̀kọ́ àti ibi iṣẹ́. Bí wọ́n bá wò ó dáadáa, wọn yóò rí ohun tí wọ́n ti mọ̀ láti ilé. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà wọlé, kò sì sí ilẹ̀kùn níbẹ̀. Awakọ̀ nìkan ni ó wà níwájú. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ ni ó ń gba owó láàárín èrò, agogo ni ó sì fi ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀: bí ó bá lù ú lẹ́ẹ̀kan, kí ọkọ̀ dúró; bí ó bá lù ú lẹ́ẹ̀mejì, kí ọkọ̀ máa lọ. Ọmọ ọkọ̀ wa tí ń fi ọwọ́ gbá pákó kò ní ṣe àjèjì sí iṣẹ́ náà.

Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú kì í ju ọkọ̀ nù nítorí pé ó gbó. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Aldenham. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n á mú bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀, wọ́n á gbé gbogbo ara rẹ̀ kúrò lórí irin tí ó gbé ẹ́ńjìnì àti táyà rẹ̀ dúró, wọ́n á sì tún apá kọ̀ọ̀kan ṣe lọ́tọ̀. Nígbà tí bọ́ọ̀sì bá jáde, nọ́ńbà rẹ̀ ni yóò ṣì wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ara bọ́ọ̀sì mìíràn ni ó gbé wọ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ìjọba ìlú wọn ni ó ń náwó sí i, àwọn òṣìṣẹ́ púpọ̀ sì ń ṣe é lábẹ́ òrùlé kan. Ní tiwa, abẹ́ igi ọ̀pẹ tàbí igi máńgòrò ni, olówó ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ó sì ń ná owó náà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ìtọ́jú wọn yìí ni Routemaster fi ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Ọjọ́ 9, oṣù Ọ̀pẹ, ọdún 2005 ni wọ́n yọ wọ́n kúrò nínú iṣẹ́ ojoojúmọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tí kò lè fi ẹsẹ̀ rìn, tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́, kò lè wọ ọkọ̀ tí ó ní àtẹ̀gùn lẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà náà, ohun ńlá kan ti ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà tí ó ṣe àkóbá fún gbogbo ọkọ̀ tí ó ti Ìlú Ọba wá. Láti ìgbà ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, apá òsì ni a ti ń wa ọkọ̀, bí wọ́n ti ń ṣe lọ́dọ̀ wọn. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 2, oṣù Igbe, ọdún 1972, ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo ọkọ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún. Ẹ rò ó wò! Sítíárì ọkọ̀ àtijọ́ wà lápá ọ̀tún, èyí tí ó dára nígbà tí a ń wa ọkọ̀ ní òsì. Nísinsìnyí, etí igbó ni awakọ̀ wá jókòó sí. Bí ó bá fẹ́ kọjá lára ọkọ̀ tí ó wà níwájú rẹ̀, kò lè rí ọ̀nà àyàfi bí ẹni tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá bá a yọjú. Ọkọ̀ bíi ti Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà ní igun òsì lẹ́yìn, ìbá máa já èrò sílẹ̀ sí àárín títì. Ẹ̀yìn gan-an ni èrò ń gbà wọ ọ̀pọ̀ bọ̀lẹ̀kájà, nítorí náà, ìyẹn kò yọ ọ́ lẹ́nu. Sítíárì ni ìṣòro tirẹ̀.

Kì í ṣe ìyípadà yìí nìkan ni ó lé bọ̀lẹ̀kájà lọ. Nínú àwọn ọdún 1970, owó epo rọ̀bì dé, ìjọba la ọ̀nà títì ńlá tí ó ti Ṣágámù gba Ọ̀rẹ̀ lọ sí Bìní. Ọ̀nà dára, eré ọkọ̀ pọ̀ sí i. Pákó tí ó lè fara da eré díẹ̀díẹ̀ lórí ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ kò lè dáàbò bo ẹnikẹ́ni nígbà tí ọkọ̀ méjì bá forí sọ ara wọn lórí ọ̀dà. Bí bọ̀lẹ̀kájà bá dojú dé, pákó á fọ́ wẹ́wẹ́, ẹrù á wó lu èrò. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó pàdánù ènìyàn báyìí, kò sì yẹ kí a fi dídùn ìtàn bo èyí mọ́lẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, tí eré rẹ̀ kan tí ó ń jẹ́ The Road jáde ní ọdún 1965, fi ikú ojú ọ̀nà àti ìgbé ayé àwọn awakọ̀ akẹ́rù ṣe kókó eré náà. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní ọdún 1988, òun kan náà ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́.

Àwọn ọkọ̀ mìíràn wá gba iṣẹ́ bọ̀lẹ̀kájà. Dáńfó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn tí wọ́n ń kánjú. Mólúè dé ní Èkó: egungun ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes ti ilẹ̀ Jámánì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀, àwọn alájópọ̀ irin sì ni wọ́n ń ṣe ara rẹ̀ nísinsìnyí, kì í ṣe àwọn kápẹ́ńtà. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, wọ́n ti dáwọ́ ṣíṣe ọkọ̀ akẹ́rù Bedford dúró ní Luton àti agbègbè rẹ̀.

Síbẹ̀, ọkọ̀ kì í kú ní ọjọ́ kan. Nígbà tí èrò kò wọ Bedford mọ́, àwọn onígẹdú rà á. Wọ́n tú pákó ẹ̀yìn rẹ̀ dànù, wọ́n fi igi nípọnnípọn ṣe iwájú rẹ̀, wọ́n sì ń kó ìtì igi láti inú igbó Oǹdó lọ sí ilé ìlagi. Agbégilódò ni àwọn ènìyàn ń pè é. Kò ní dígí, iná rẹ̀ kì í sábà tàn, ṣùgbọ́n ó ń wọ igbó tí ọkọ̀ tuntun kò lè wọ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ bá sì kọ̀ pátápátá, àwọn alágbẹ̀dẹ a wá wo abẹ́ rẹ̀. Irin sípíríǹgì ọkọ̀ le, kì í tètè kú lẹ́nu. Wọ́n a gé e, wọ́n a fi í sínú iná, wọ́n a sì fi rọ àdá tí àgbẹ̀ ń fi ṣán oko.